Òkúta Rédíò Yàtọ̀ sí Bátìrì Fóònù

Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kò ní bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lóṣòó ti ògiri, tí ó ń ṣọ́ fóònù tí ó fi sí iná. Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ẹ̀rọ kékeré yìí ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba ti aago, ó gba ti tọ́ọ̀ṣì, ó gba ti rédíò, ó sì gba ti ìwé àkọsílẹ̀ àti ti ilé ìfowópamọ́ mọ́ ọn. Olùkọ́ tí máàkì kíláàsì rẹ̀ wà nínú fóònù, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé tí yóò kà fún ìdánwò wà níbẹ̀, bí bátìrì bá kọṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ìpè nìkan ni wọ́n pàdánù.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba iná mọ́ ni pé bátìrì ti bàjẹ́. Kíá, yóò wá owó, yóò lọ ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò pààrọ̀ bátìrì tán tí àìsàn náà yóò ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ìdọ̀tí àti òwú inú àpò ni ó dí ẹnu ibi tí a ń ki okùn ṣájà bọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ènìyàn ṣe lè mọ ibi tí àìsàn wà kí ó tó náwó ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ ọ́ yéni láì kọ́kọ́ mẹ́nu ba rédíò, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ rédíò ni a ti jogún ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń ṣi àwọn onífóònù lọ́nà.

Rédíò alágbèéká àti tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ènìyàn wa ní ọ̀rọ̀ bátìrì. Òkúta ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pè é. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ó le, ó wúwo, bí agbára inú rẹ̀ bá sì ti tán, kò wúlò ju òkúta lọ. Bí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn yùnmùyùnmù, baálé ilé yóò yọ òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì tò wọ́n sí orí páànù kí oòrùn lè pa wọ́n. Àwọn mìíràn a fi eyín tẹ̀ wọ́n, àwọn mìíràn a gbá wọn mọ́ ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò yóò tún sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí a lè fi gbọ́ ìròyìn. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe idán.

Agolo síńkì ni ara òkúta rédíò. Ọ̀pá èédú kan wà ní àárín rẹ̀, ohun dúdú tí ó yí ọ̀pá náà ká sì ni manganese dioxide, èyí tí a fi omi kẹ́míkà pò títí ó fi ki. Bí síńkì náà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni iná ń jáde. Ooru oòrùn a máa mú kí iṣẹ́ àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí yá sí i. Ìsinmi pẹ̀lú a máa fún ohun tí ó ti kórajọ sí ojú kan láàyè láti tàn ká. Títẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ a sì mú kí ohun inú rẹ̀ tún fara kan ara wọn. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba agbára tí ó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ fi ń rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n kò sí oòrùn tí ó lè dá síńkì tí ó ti jẹ tán padà. Bí agolo náà bá jẹ lu, omi inú rẹ̀ yóò jò, yóò sì mú kí irin inú rédíò dípẹtà. Òkúta tuntun kan ní agbára fólítì 1.5, mẹ́rin tí a tò tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ fólítì 6. Ẹni tí ó bá fi mẹ́ta tuntun mọ́ ọ̀kan tí ó ti kú kò ṣọ́wó ná, nítorí pé òkú yẹn ni yóò máa fa àwọn alààyè sẹ́yìn, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ jò.

Ìmọ̀ yìí ni a gbé wọ inú ayé fóònù. Títí di òní, àwọn kan ń sá bátìrì fóònù sí oòrùn, àwọn kan ń fi eyín tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú sì ń gbé e sínú fìríìjì. Nínú ọ̀rọ̀ bátìrì, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé ni ó ń ṣe gbogbo ọlọ́ya. Ohun tí ó ń mú òkúta rédíò ta pútú fún wákàtí kan lè ba bátìrì fóònù jẹ́ títí láé, ó sì lè dáná sun ilé.

Ogún kejì tí ó ń ṣini lọ́nà ni àṣẹ pé kí á jẹ́ kí fóònù kú pátápátá kí á tó fi sí iná, àti pé fóònù tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí iná fún wákàtí 8. Àṣẹ yìí nídìí. Bátìrì tí a fi nickel àti cadmium ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká àtijọ́, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sì ní àlébù kan: bí a bá ń fi sí iná nígbà gbogbo kí a tó lò ó tán, ó lè dà bí ẹni pé ó gbàgbé ìyókù agbára tí ó ní. Bátìrì náà ti lọ, àṣẹ rẹ̀ ni kò lọ.

Lithium-ion ni bátìrì tí ó wà nínú fóònù òde òní. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ mẹ́ta ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. M. Stanley Whittingham bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, John B. Goodenough fi kún un ní ọdún 1980. Akira Yoshino ará Japan sì ṣe èyí tí ó ṣeé lò láìséwu púpọ̀ ní ọdún 1985. Ilé iṣẹ́ Sony gbé e wọ ọjà ní ọdún 1991. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jùmọ̀ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́míkà ní ọdún 2019, nígbà tí Goodenough ti di ẹni ọdún 97. Kò sí ẹni tí ó tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó gba ẹ̀bùn náà.

Ẹni tí ó bá ń ta ayò yóò tètè lóye bí bátìrì yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ilé méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti graphite, irú èédú tí a fi ń ṣe inú pẹ́ńsù. Èkejì jẹ́ ti àdàlù irin tí lithium ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí fóònù bá wà lórí iná, ńṣe ni a ń kó àwọn ọmọ ayò lithium kúrò ní ilé wọn lọ sí ilé graphite. Nígbà tí a bá ń lo fóònù, àwọn ọmọ ayò náà ń padà bọ̀ wá sílé, ìpadàbọ̀ wọn ni ó sì ń fún ẹ̀rọ ní agbára. Kò sí ohun tí ń jẹ bí síńkì ti ń jẹ. Ṣùgbọ́n ní àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ayò díẹ̀ a máa há sójú ọ̀nà, a kò sì ní rí wọn lò mọ́. Lẹ́yìn àlọ àti àbọ̀ kíkún bí 500, ọ̀pọ̀ bátìrì fóònù kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ohun tí ó ń gbà nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Èyí kì í ṣe àìsàn, ogbó ni.

Ohun tí ń mú ogbó yá kò pọ̀. Ooru ni olórí wọn. Fóònù tí a gbàgbé sí iwájú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, tàbí tí a fi sí iná lábẹ́ ìrọ̀rí, ń gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kí bátìrì kún dẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ nínú ooru kò dára, kí ó ṣófo fún ìgbà pípẹ́ kò sì dára. Nítorí náà, kò sídìí tí a fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fóònù kú kí á tó fi sí iná. Àárín ni ara bátìrì yìí ti ń tù ú. Ní ti òtútù, bí a bá ń fi bátìrì sí iná nígbà tí ó tutù bíi yìnyín, lithium yóò máa dì mọ́ ara graphite dípò kí ó wọlé, omi tí ó bá sì sẹ̀ sí ara rẹ̀ láti inú fìríìjì tún jẹ́ ewu mìíràn.

Wàyí o, kí ni kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gba iná rárá kọ́kọ́ ṣe? Òfin ìwádìí náà kò ju ọ̀kan lọ: ohun kan ni kí á máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti ara ògiri títí dé inú fóònù. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ṣájà, okùn àti sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí fóònù bá tilẹ̀ gba iná, kò ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a kọ́kọ́ ki nǹkan mìíràn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà láti mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀, àti bóyá iná náà lágbára tó, nítorí pé iná tí ó relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù fi ń pọ́n lè má tó ṣájà lò. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ṣájà kan náà àti okùn kan náà sí fóònù ẹlòmíràn. Bí fóònù ẹlòmíràn bá gba iná, ṣájà kò jẹ̀bi. Bí kò bá gbà á, okùn ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé okùn ni ó máa ń tètè já, pàápàá ní ọrùn rẹ̀ níbi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ike tí ó bò ó lè má là, kí wáyà inú rẹ̀ sì ti já.

Bí ṣájà àti okùn bá yege, ẹnu fóònù ni ó kàn. Ẹni tí ó ń fi fóònù sínú àpò ṣòkòtò lójoojúmọ́ ń ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìmọ̀. Okùn tí kò wọlé dé òpin, tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tì tàbí kí a fi nǹkan ká a kí ó tó gba iná, àmì òwú yìí ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí a pa fóònù, kí a fi igi tí a fi ń tayín, èyí tí ó gbẹ, rọra kó ìdọ̀tí náà jáde níwájú ìmọ́lẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ tàbí irinkírin ṣe é, nítorí pé irin lè so ohun tí kò yẹ kí ó fara kanra pọ̀. Fífi ẹnu fẹ́ ẹ kò bójú mu pẹ̀lú. Itọ́ a máa bá atẹ́gùn wọlé. Ọ̀pọ̀ owó ni igi ìtayín kan ti kó yọ.

Ohun méjì wà tí ó máa ń jọ àìsàn tí kì í sì í ṣe àìsàn. Fóònù tí ó kú pátápátá lè wà lórí iná fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àmì kan tó hàn lójú rẹ̀; sùúrù ni ó gbà. Fóònù tí ó ti gbóná jù náà lè kọ̀ láti gba iná títí ara rẹ̀ yóò fi tutù. Ààbò ni èyí jẹ́. Ti kí ó máa gba iná ṣùgbọ́n kí ó máa fà bí ìgbín, ibi tí iná ti ń wá ni kí a wò. Ẹnu ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í fúnni ju fólítì 5 àti ámúpù 0.5 lọ. Bátìrì tí a kọ 5000 mAh sí lára lè gbà ju wákàtí 8 lọ kí ó tó kún láti irú ẹnu bẹ́ẹ̀, bí a bá sì tún ń lo fóònù náà lọ́wọ́, ilẹ̀ lè mọ́ kí ó má tíì kún.

Ìráhùn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé iná kì í dúró. Níhìn-ín, kí a má tètè dá bátìrì lẹ́bi. Fóònù fúnra rẹ̀ ní ojú-ewé kan nínú Settings tí ó ń sọ ohun tí ó jẹ iná láti àárọ̀. Bí ojú fóònù bá ń mọ́lẹ̀ gbòò láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìyẹn tó láti jẹ ẹ́ tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá jìnnà, tàbí bí ògiri iyàrá bá nípọn, fóònù yóò máa pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ, ariwo náà sì ń gba agbára. Ìdí nìyí tí bátìrì tí ó ń tó ọjọ́ kan gbáko ní ìgboro fi lè kú kí ó tó di ọ̀sán ní abúlé tí a ti lọ ṣe iṣẹ́ ìdánrawò ìkọ́ni. Ọ̀nà kan wà láti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Kí a pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì pátá ní alẹ́, bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú ti ń ṣe, kí a sì kọ iye tí bátìrì wà sílẹ̀ kí a tó sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìdá díẹ̀ nínú 100 péré ni ó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, bátìrì kò jẹ̀bi. Ohun tí a ń ṣe lọ́sàn-án ni kí a lọ tún wò. Bí ìdajì bá lọ láìṣe ohunkóhun, a jẹ́ pé àìsàn wà nínú bátìrì tàbí nínú fóònù fúnra rẹ̀.

Àìsàn tí ó máa ń dààmú ènìyàn jù ni ti fóònù tí ó sọ pé òun ní ìdá 30, tí ó sì kú lójijì. Iye tí fóònù ń kọ sójú kò dà bí epo tí a fi ìgò wọ̀n. Ìṣirò àfojúdá ni. Bátìrì lithium tí ó kún wà ní nǹkan bíi fólítì 4.2, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi fólítì 3, fóònù yóò ti pa ara rẹ̀. Bátìrì tí ó ti gbó dà bí arúgbó tí ó lè rìn jẹ́jẹ́ dé ọjà, ṣùgbọ́n tí yóò kúnlẹ̀ bí a bá gbé ẹrù lé e lórí tí a ní kí ó sáré. Bí a bá ṣí kámẹ́rà tàbí tí a bá pe ènìyàn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, ẹrù ni a gbé lé e. Fólítì yóò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù yóò sì kú. Bí a bá fi í sí iná tí ó sì jí padà pẹ̀lú ìdá 25 tàbí 30 lójú ẹsẹ̀, kò sí àní-àní mọ́, ogbó bátìrì ni. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ Apple ṣe jẹ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé àwọn ń mọ̀ọ́mọ̀ dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ọ̀pọ̀ tí ó ti rò pé fóònù àwọn ni ó gbó wá mọ̀ pé bátìrì tuntun ni ó nílò.

Gbogbo ohun tí a ti sọ wọ̀nyí, owó àti àkókò ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Bátìrì tí ó wú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ni ó lè gbà. Omi tí àwọn ọmọ ayò lithium ń gbà kọjá jẹ́ ohun tí ń gbiná. Bí bátìrì bá gbó, tí ó forí gbá, tàbí tí ó gbóná jù, afẹ́fẹ́ a máa kórajọ sínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ojú fóònù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yọ gọngọ, bí a bá sì gbé e lé tábìlì, yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní kété tí a bá rí èyí, kí a yọ ọ́ kúrò lórí iná, kí a pa á, kí a má sì tún fi í sí iná mọ́. Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ lu ú kí afẹ́fẹ́ lè jáde, wọn a sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọ àyè rẹ̀. Kò sí ohun tí ó léwu tó èyí. Aṣọ tín-ín-rín tí ó pààlà sí àárín ilé méjèèjì ni abẹ́rẹ́ náà yóò dá lu. Ilé méjèèjì yóò fara kanra, iná yóò sì sọ. Orí símẹ́ńtì tàbí inú abọ́ irin ni kí a gbé e sí, jìnnà sí ibùsùn àti ìwé, títí a ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ títún fóònù ṣe. Bí ó bá ń rú èéfín, kí àwọn ènìyàn jáde kúrò nínú iyàrá, nítorí pé májèlé ni èéfín náà. Bí a bá ti pa iná mànàmáná tí ó wọ ibẹ̀, omi púpọ̀ ni a fi ń mú kí irú bátìrì kékeré bẹ́ẹ̀ tutù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bátìrì ayédèrú nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọdún 2016, Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde ní oṣù Kẹjọ; kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà ń gbiná, àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn náà sì ń gbiná. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ńlá, kí ni ká sọ nípa bátìrì tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é? Ẹni tí yóò ra òmíràn, ìbáà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé, kí ó fi iye tí a kọ sí ara rẹ̀ wé títóbi rẹ̀. Bátìrì roboto tí a ń pè ní 18650, irú èyí tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì tí à ń fi sí iná, èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn kì í kọjá nǹkan bí 3500 sí 4000 mAh. Síbẹ̀, a ń rí èyí tí a kọ 9900 sí lára. Irọ́ ni, iye bẹ́ẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀.

Ó ku ti fóònù àtijọ́ tí a fi sínú àpótí nígbà ìsinmi gígùn. Bátìrì ń jo díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Bí a bá fi í pamọ́ ní òfìfo, fólítì rẹ̀ lè relẹ̀ kọjá ibi tí ṣájà lè gbà á mọ́. Àwọn kan a máa fi wáyà méjì ta á jí ní ipá. Ó lè jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú òfìfo bẹ́ẹ̀, bàbà tí ó wà nínú rẹ̀ lè ti yọ́ sínú omi kẹ́míkà, kí ó sì wá dì sí ibi tí kò yẹ nígbà tí iná bá tún wọlé. Bátìrì tí ó jí báyìí lè jóná ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní ìdajì ni kí a ti pa á kí a tó fi í pamọ́ sí ibi tí ó tutù díẹ̀, kí a sì fi í sí iná padà dé ìdajì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.